Glycine, Oorun Alẹ́ àti Ọjọ́ Ogbó

Glycine ló kéré jù lọ nínú àwọn amínò ásíìdì, ìyẹn àwọn èròjà wẹ́wẹ́ tí ara ń tò mọ́ ara wọn láti fi ṣe pùrótéènì. Ní ọdún 1820 ni Henri Braconnot, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Faransé, se gẹlatínì pọ̀ mọ́ ásíìdì líle, tó sì rí ohun funfun kan nínú rẹ̀ tó ń dùn lẹ́nu bíi ṣúgà. Gẹlatínì yìí ni ohun tó ń mú kí omi ẹsẹ̀ màlúù dì sínú ìkòkò bí ilẹ̀ bá mọ́. Ohun funfun tí Braconnot rí nígbà náà ni wọ́n ń rọ sínú ìgò lónìí, tí wọ́n ń tà bí àfikún oúnjẹ, yálà ní lẹ́búlẹ́bú tí à ń pò mọ́ omi tàbí nínú kápúsù. Ìlérí méjì ni wọ́n sábà máa ń ṣe lórí rẹ̀: pé àgbàlagbà tó bá ń lò ó yóò máa sun oorun àsùnwọra, àti pé ara rẹ̀ kò ní tètè di ara arúgbó. Ìlérí àkọ́kọ́ ní ẹ̀rí díẹ̀ lẹ́yìn. Ìkejì ṣì ń wá ẹ̀rí tirẹ̀.

Ibi tí glycine pọ̀ sí jù lọ nínú ara ni collagen, pùrótéènì tó di awọ, egungun, kèrékèré àti oríkèé mú. Ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo amínò ásíìdì inú collagen ló jẹ́ glycine, ó sì nídìí. Fọ́nrán mẹ́ta ni collagen, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí okùn, wọ́n sì fún mọ́ra débi pé ní ipò kẹta-kẹta lórí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, kò sí amínò ásíìdì mìíràn tó kéré tó láti jókòó síbẹ̀. Bí òmíràn bá ṣèèṣì bọ́ sí ipò náà, fọ́nrán náà kò ní lọ́ bó ṣe yẹ. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ló wà nídìí ọ̀kan nínú àwọn àrùn àbímọ́ni tó ń mú kí egungun ọmọ máa ṣẹ́ láìsí ìfarapa tó le. Ara tún ń lo glycine láti fi ṣe ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀, ó ń fi í ṣe glutathione tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń lò ó nínú ọ̀pá ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀ ọpọlọ láti fi kó iṣan níjàánu. Májèlé strychnine máa ń dí iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn yìí lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí iṣan ẹni tó bá jẹ ẹ́ fi ń gan gbagidi.

Ara ń ṣe glycine fúnra rẹ̀, pàápàá láti ara serine tó jẹ́ amínò ásíìdì mìíràn. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìwé ìmọ̀ oúnjẹ kò fi kà á mọ́ àwọn tó di dandan kí èèyàn jẹ. Àmọ́ ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Sípéènì ṣe ìṣirò pé èyí tí ara ń ṣe àti èyí tó ń bá oúnjẹ wọlé kò kájú ohun tí ara nílò. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bíi gíráàmù 10 ló ń dín lójúmọ́ fún ẹni tó bá wọn kílò 70. Ìṣirò ni, wọn kò wọ̀n ọ́n lára àwọn ènìyàn tí wọ́n ń ṣàìsàn nítorí àìtó rẹ̀. Síbẹ̀, òun ni gbòǹgbò ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn olùtajà ń sọ pé kò sẹ́ni tí glycine tó lára rẹ̀.

Ẹni tó bá ń wá glycine ní Dọ̀pẹ̀mú, ní ìpínlẹ̀ Èkó, kò nílò kó kọ́kọ́ wọ kẹ́mísìtì. Dọ̀pẹ̀mú wà níbi tí Agége ti pààlà pẹ̀lú Alímọ̀ṣọ́, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ti yà sí Akówọnjọ àti Ẹ̀gbẹ́dá. Odò ẹran Oko-Ọba ní Agége, ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù ní ìpínlẹ̀ Èkó, kò jìnnà síbẹ̀. Pọ̀nmọ́, bọ̀kọ́tọ̀, orí màlúù àti iṣan ẹran tó ń ti irú ibẹ̀ dé orí àtẹ, collagen ló pọ̀ jù nínú pùrótéènì wọn. Nínú gíráàmù 15 gẹlatínì gbígbẹ, glycine inú rẹ̀ ń lọ sí bíi gíráàmù 3, iye kan náà tí àwọn tó ń ṣèwádìí oorun máa ń fún ènìyàn. Pọ̀nmọ́ tí a ti rẹ, tí a sì ti sè, omi ló kún inú rẹ̀ jù, nítorí náà ó gba ju ègé kan lọ kí ó tó pé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n abọ́ ọbẹ̀ tí bọ̀kọ́tọ̀ àti pọ̀nmọ́ bá kún lè kọjá ìwọ̀n náà.

Ọ̀rọ̀ yìí tako ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ nípa pọ̀nmọ́. Ní ọdún 2022, olórí NILEST, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ nípa ìmọ̀ awọ tó wà ní Zaria, ní kí wọ́n ṣe òfin tí yóò dá jíjẹ pọ̀nmọ́ dúró, kí awọ lè pọ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe bàtà àti àpò. Ó fi kún un pé pọ̀nmọ́ kò ní ohunkóhun tó ń ṣe ara lóore. Ẹjọ́ tó rò fún iṣẹ́ awọ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni iṣẹ́ náà lè bọ́. Ti oúnjẹ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Pùrótéènì ni pọ̀nmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pùrótéènì tí kò pé ni. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ sì kan oorun gan-an: collagen kò ní tryptophan rárá. Tryptophan ni amínò ásíìdì tí ara fi ń ṣe serotonin, tó sì ń ti ara serotonin ṣe melatonin, ohun tí ọpọlọ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ lálẹ́ láti jẹ́ kí ara mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ̀wà ní in, ẹja, ẹyin àti wàrà náà ní in. Ẹ̀wà tí wọ́n ń bu pọ̀nmọ́ lé lórí lẹ́bàá títì ní Dọ̀pẹ̀mú ti kó méjèèjì sínú abọ́ kan, láìjẹ́ pé ẹni tó ń tà á gbé ìwé ìmọ̀ kankan lọ́wọ́. Àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ ti ń yọ́ bọ́ tún lè jẹ pọ̀nmọ́ tó rọ̀ dáadáa ju ẹran líle lọ, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré, nítorí àìjẹ pùrótéènì tó ló ń tètè sọ ẹran ara arúgbó di jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀.

Ewu inú pọ̀nmọ́ ń bẹ níbòmíràn. Awọ tí wọ́n bá fi iná táyà jó irun rẹ̀ máa ń gbé májèlé èéfín àti irin olóró wọnú ìkòkò, èyí tí wọ́n fi omi gbígbóná fá funfun sàn jù. Bákan náà, ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí àrùn anthrax ṣẹ́ yọ ní àríwá Gánà, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn ará Nàìjíríà pé kí wọ́n ṣọ́ra fún pọ̀nmọ́ àti ẹran ìgbẹ́. Awọ ẹran tí dókítà ẹran kò yẹ̀ wò kí wọ́n tó pa á kò yẹ kó dé orí àtẹ.

Èwo wá ni ti oorun? Iléeṣẹ́ Ajinomoto ti ilẹ̀ Japan ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú ìwádìí náà, iléeṣẹ́ kan náà tó ni èròjà funfun wínníwínní tí àwọn ìyá ń bù sọ́bẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2006 àti 2007, wọ́n fún àwọn tó ń ráhùn pé oorun àwọn kò dára ní gíráàmù 3 glycine kí wọ́n tó lọ sùn. Àwọn tó lò ó sọ pé ara àwọn fúyẹ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n dè mọ́ wọn lórí sì fi hàn pé wọ́n tètè sùn, wọ́n sì tètè wọ inú oorun tó jinlẹ̀. Ní 2012, wọ́n tún dán an wò lára àwọn ènìyàn aláìlárùn tí wọ́n dín oorun wọn kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin fún òru mẹ́ta. Àárẹ̀ ọ̀sán dín kù fún àwọn tó lo glycine, ojú wọn sì dá ṣáká sí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn.

Ohun tí ó yẹ kí a fi gbogbo ẹnu sọ ni pé àwọn tí wọ́n dán an wò lára nínú ìwádìí kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí 20 lọ. Òru díẹ̀ ni wọ́n lò, ẹni tó sì ń ta ọjà náà ló náwó sí ìwádìí. Èyí kò sọ àbájáde wọn di irọ́, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí a lè gbé lé orí gbogbo àgbàlagbà ayé. Ní tòótọ́, kì í ṣe arúgbó ni wọ́n kó jọ fún púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀nà tí glycine ń gbà ṣiṣẹ́ yé wa díẹ̀, ó sì kan Èkó ju bí a ti lè rò lọ. Kí oorun tó gbé èèyàn lọ, inú ara máa ń tutù díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ máa ń ya lọ sí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti awọ ara, ooru inú á sì gba ibẹ̀ jáde. Nínú ìwádìí lára eku tí wọ́n gbé jáde ní 2015, àwọn onímọ̀ rí i pé glycine ń ti apá kan ọpọlọ tó ń ṣètò ọ̀sán àti òru lọ́wọ́ láti la àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ara awọ, kí ooru lè tètè jáde. Ooru kì í sì í jáde lára àfi bí afẹ́fẹ́ tó yí ara ká bá tutù ju ara lọ, tàbí bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ gbẹ òógùn. Nínú yàrá tí iná ti lọ, tí fáànù ti dúró, tí fèrèsé wà ní títì pa nítorí ẹ̀fọn, ọ̀nà tí glycine ń gbà ṣiṣẹ́ ti há. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí yóò jẹ́ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí lè ṣe ju ìgò lẹ́búlẹ́bú lọ fún irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ kó tó sùn ń ṣe ohun kan náà tí glycine ń gbìyànjú láti ṣe, ìyẹn ni pé kí ẹ̀jẹ̀ wá sí ara awọ.

Ti ogbó gba sùúrù. Ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù nípa ẹ̀mí gígùn wá láti Amẹ́ríkà, níbi tí ètò ìwádìí ìjọba kan ti ń dán èròjà oríṣiríṣi wò lára eku ní ilé ìwádìí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí àṣìṣe ibì kan má baà tan gbogbo wọn jẹ. Ní 2019, wọ́n kéde pé eku tó ń jẹ oúnjẹ tí ìdá 8 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ glycine pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ ní ìdá 4 sí 6 nínú 100, takọ-tabo. Èrè kékeré ni, ṣùgbọ́n ó dájú. Ká wá fi wé ti ènìyàn: ẹni tó bá ń jẹ ìwọ̀n gíráàmù 500 oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́ yóò ní láti jẹ glycine gíráàmù 40 kó tó bá ìwọ̀n ti eku yẹn dọ́gba. Gíráàmù 3 tí wọ́n kọ sára ìgò kò tilẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀.

Lára ènìyàn, ibi tí wọ́n ti gbìyànjú jù ni ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Baylor ní ìlú Houston. Dókítà Rajagopal Sekhar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ rí i pé glutathione máa ń dín kù lára àgbàlagbà, nítorí glycine àti cysteine, amínò ásíìdì mìíràn, tí ara fi ń ṣe é kò tó mọ́. Wọ́n pa glycine pọ̀ mọ́ oògùn kan tó ń di cysteine nínú ara, wọ́n sì fún àwọn àgbàlagbà fún ọ̀sẹ̀ 16. Nínú àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2022, glutathione gòkè, ìrìn yá sí i, ọwọ́ sì le sí i. Àgbàlagbà 24 péré ló wà nínú ìwádìí náà, ìdajì wọn ló sì lo oògùn gidi. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ Nestlé fún àgbàlagbà 114 tí ara wọn yá ní irú àdàlù bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ gbòógì tí wọ́n ń retí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tí glutathione rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an ló ń jàǹfààní rẹ̀, tí ẹni tí ara rẹ̀ pé kò sì rí nǹkan kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí taurine, èròjà mìíràn tí wọ́n ń tà bí àfikún oúnjẹ, yẹ kó jẹ́ ká rọra. Ní 2023, ìwé ìròyìn Science gbé e jáde pé taurine ń dín kù bí ara ṣe ń gbó, àti pé eku tó ń jẹ ẹ́ pẹ́ láyé ní bí ìdá 10 sí 12 nínú 100. Ọjà taurine tà wàràwàrà. Ní 2025, àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kan náà pé àwọn tún un wò lára ènìyàn, ọ̀bọ àti eku, taurine kò sì dín kù pẹ̀lú ọjọ́ orí. Àwọn tó ti ra ìgò ti rà á.

Àìsùn àgbàlagbà nílẹ̀ Yorùbá jẹ́ ohun tí wọ́n ti ṣèwádìí rẹ̀ nílé. Láti 2003 sí 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn bẹ àwọn ènìyàn 2,152 tó ti pé ẹni ọdún 65 sókè wò nínú ilé wọn, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Nínú iṣẹ́ náà, tí wọ́n ń bá lọ fún ọdún púpọ̀, àìsùn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n tọpa rẹ̀, ó sì hàn pé kì í dá rìn. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìsàn ara mìíràn máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀. Èyí bá ohun tí àwọn dókítà ń rí mu. Oorun àgbàlagbà máa ń fúyẹ́, ó sì máa ń tètè dá. Ìyẹn kì í ṣe àrùn. Àmọ́ bàbá tó ń dìde lẹ́ẹ̀mẹrin lóru láti tọ̀ lè ní ìṣòro próstéètì tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tí wọ́n fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kí èèyàn máa tọ̀, tó sì ń lò ó nírọ̀lẹ́, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá oorun rẹ̀ dúró. Kó béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó lè máa lò ó láàárọ̀. Ẹni tó ń hanrun burúkú, tí èémí rẹ̀ ń dá lójú oorun tó sì ń ta jí, àyẹ̀wò ló nílò. Obì pẹ̀lú ń lé oorun, èyí tí wọ́n bá jẹ níbi ìnáwó nírọ̀lẹ́ ṣì lè wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́gànjọ́.

Ariwo kò ṣeé fojú fò dá. Jẹnẹrétọ̀ ìta, gbohùngbohùn ilé ìjọsìn, fèrè tírélà lórí márosẹ̀: gbogbo rẹ̀ ń fọ́ oorun sí wẹ́wẹ́, kódà bí ẹni tó sùn kò bá jí tán. LASEPA ni iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń gba ẹ̀sùn ariwo, ó sì ní àṣẹ láti ti ibi tó bá ń dààmú aládùúgbò pa. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kúrò ní Alímọ̀ṣọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, tí wọn kì í délé títí alẹ́ fi jinlẹ̀, oorun wọn kò tó ni, kì í ṣe pé kò dára. Glycine lè dín àárẹ̀ wọn kù díẹ̀. Kò lè fi wákàtí kún òru wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tí kò rí oorun sùn ń rà ní kẹ́mísìtì báyìí burú ju glycine lọ. Valium, Lexotan, Phenergan àti Piriton ni àgbàlagbà ń lò láìgbàṣẹ dókítà kí oorun lè kùn wọ́n. Àwọn méjì àkọ́kọ́ máa ń di bárakú, gbogbo wọn ló sì lè mú kí orí arúgbó dàrú, kó ṣubú lóru nígbà tó bá ń lọ sí ilé ìtọ̀, kí egungun ìbàdí sì ṣẹ́. Glycine kò sí lára irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n gíráàmù 3 kì í sábà dá ìṣòro sílẹ̀ ju inú rírú tàbí ìgbẹ́ tó rọ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹni tó ń lo clozapine fún àrùn ọpọlọ kò gbọdọ̀ fi glycine kún un láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí ó lè dín agbára oògùn náà kù. Ẹni tí kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn náà gbọ́dọ̀ béèrè kí wọ́n tó lò ó.

Ewu tó ga jù wá láti ọwọ́ ẹni tó ṣe ọjà. Ní 1989, àrùn tó ń mú iṣan ro burúkú-burúkú bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn tó ń lo tryptophan, púpọ̀ nínú wọn nítorí oorun. Ó ju 1,500 ènìyàn lọ tó ṣàìsàn, ó kéré tán 37 kú. Ìdọ̀tí tó wọ inú ọjà iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n tọpa rẹ̀ dé. Nàìjíríà náà mọ irú ìbànújẹ́ yìí: ní 2008, oògùn eyín àwọn ọmọdé tó ń jẹ́ My Pikin, tí wọ́n ṣe ní Èkó, ní májèlé nínú, ó sì pa ju 80 ọmọ lọ. Nítorí náà, ìgò glycine tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, tí kò ní orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, tàbí èyí tí wọ́n tún rọ sínú ọ̀rá lórí àtẹ, kò yẹ kó wọlé. Nọ́ńbà náà fi hàn pé wọ́n ti forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé NAFDAC jẹ́rìí sí i pé yóò mú ogbó jìnnà.

Àgbàlagbà tó bá fẹ́ dán an wò lè po gíráàmù 3 mọ́ omi ní ìdajì wákàtí sí wákàtí kan kó tó sùn, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kó máa kọ ìgbà tó sùn, iye ìgbà tó jí àti bí ara rẹ̀ ṣe rí láàárọ̀ sílẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ kan kó tó lò ó rárá, kó lè rí ohun tí yóò fi wé e. Kò gbọdọ̀ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà dúró nítorí rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé tí kò sí ìyàtọ̀, kó má ra ìgò kejì. Kó mú àkọsílẹ̀ náà àti gbogbo oògùn tó ń lò dání lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò, tàbí sí ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgándò, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n yẹ ṣúgà àti ìtọ̀ rẹ̀ wò.